Àwọn Tí Mò Ń Bọ́ ní Ìyànà Ìyẹsí

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ní Ọ̀tà ni pé wọ́n gbọ́ èdè mi, wọ́n tún ń pè mí ní Ègùn. Ká ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ni mo lọ ni, mi ò ní bínú. Ẹni tó bá lọ sílẹ̀ òyìnbó ti mọ̀ pé àjèjì lòun. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ bí mo bá ti lanu báyìí, ẹni tó ń ta káàdì fóònù á ti bú sẹ́rìn-ín: "Ègùn, báwo ni Kùtọnu?" Kùtọnu wo? Ọmọ Kétu tó wà lẹ́yìn bọ́dà ni mí. Aláketu lọba wa, kò sì sí ọmọ Oòduà tó lè ní òun jù wá lọ. Mo máa ń bá wọn fà á nígbà náà. Ẹnu mi mú, kò tíì kú títí dòní.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń tú àṣírí mi. Mo ní kí wọ́n bá mi pe zẹ́mì, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kadà ni. Mo pe ilé ìwé ní lẹkọ́ọ̀lì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí mo bá sì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, tí mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé wọ̀nyẹn dànù, ohùn á tún dà mí. Ohùn wa nílé a máa gòkè níbi tí tiwọn ti ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sọ pé ìyẹn ò tó nǹkan. Ẹ̀yin ẹ lọ gbé níbi tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ yín, tí kò sì sẹ́ni tó gbọ́ yín dáadáa.

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló gbé mi wá. Bàbá mi ló kọ́kọ́ wá sí Ọ̀tà, nígbà tí mo ṣì ń wọ́ tẹ̀lé ìdí ìró ìyá mi. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ ike ní Sàngó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń wálé lọ́dún Kérésì, á gbé garawa aláwọ̀ mèremère wá fún gbogbo agboolé, á wúkọ́ lóru, á tún padà. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Kò sẹ́ni tó mú ìròyìn ikú ẹ̀ wá, kò sì sẹ́ni tó ní òun rí i. Ìyá mi ò ṣe opó, kò sì ní ọkọ nílé. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ fẹ́ ẹ, ó dá wọn lóhùn pé òun wà lọ́dọ̀ ọkọ. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé àpótí síta, á jókòó síbi tí á ti máa rí ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò nílé, gbólóhùn kan ló sọ fún mi: "Bí o bá dé ọ̀hún, máa wo ojú àwọn ọkùnrin."

Mo wò wọ́n. Mo wo ojú ọkùnrin ní Ọ̀tà débi tí wọ́n fẹ́ fi pè mí ní alágbèrè. Bí Sunday bá ti dé, màá kúrò ní yàrá mi ní Joju, màá lọ máa rìn káàkiri ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́ Sàngó. Èyí tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ti dọwọ́ ẹlòmíì, wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà. Olùṣọ́ ibẹ̀ ní, "Madam, I no sabi am o. People plenty." Ó ní àwọn tó ti Kùtọnu wá yọ́ ike níbẹ̀ kí òun tó dé pọ̀ bí eṣú, Bàbá Ègùn sì ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Mo dúpẹ́, mo yà kúrò níbẹ̀, mo sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òótọ́ tí mi ò lè sọ fún ìyá mi ni pé mi ò rántí ojú bàbá mi mọ́. Ojú ta ni mò ń wá nígbà náà?

Nípa iṣẹ́ tí mo rí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lásìkò yẹn, ilé ń hù ní Ìyànà Ìyẹsí bí olú. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá níhìn-ín, yunifásítì lọ́hùn-ún, họ́sítẹ́lì ní àárín méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń ṣí omi sínú ilé ìgbẹ́, omi ìdọ̀tí wọn sì ti ju ohun tí ṣọ́kàwéè lè gbé. Ẹni tó ni ọgbà họ́sítẹ́lì tiwa wá gbẹ́ táńkì ńláńlá sẹ́yìn ọgbà, ibi tí wọ́n á ti máa sọ omi náà di mímọ́ kó tó ṣàn lọ sódò. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti fi etí ìborùn bo imú. Mo rò pé ìgbẹ́ ni màá rí. Àǹtí Ẹnjiníà, ọ̀gá wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ṣeré, ṣí ọmọrí táńkì. Ike ni mo rí. Ike róbótó róbótó, kò ju ìdérí ìgò lọ, ihò kún inú wọn bí afárá oyin, wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Wọ́n ń yípo. Wọ́n á rú jáde, wọ́n á rì, wọ́n á tún jáde níbòmíì, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni mo bi í.

"Àwọn kọ́. Ilé lásán ni wọ́n. Àwọn tó ń gbé inú wọn ló ń ṣiṣẹ́."

"Àwọn wo?"

Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó mú ẹyọ kan, ó nà án sí mi. Ohun kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń yọ̀, ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ihò ike náà. "Àwọn tójú ò lè rí nìyẹn," ló wí. "Inú ẹyọ kan yìí, wọ́n pọ̀ ju gbogbo ará Ọ̀tà lọ. Ìdọ̀tí inú omi loúnjẹ wọn. A kọ́lé fún wọn, ilé náà sì léfòó kó lè máa gbé wọn lọ síbi tóúnjẹ wà. Ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè mí. Èmi máa ń pè wọ́n ní ará ilé."

"Wọ́n ń mí?"

"Wọ́n ń mí, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń kú. Bí iná bá lọ, sáré tan jẹnẹrétọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á kú pátápátá. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da apakòkòrò sí wọn."

Mo fi ike náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, mo sì nu ọwọ́ mi mọ́ ìró títí awọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Mo mọ iṣẹ́ náà nígbà tó yá. Màá gbọn asẹ́ tó ń dá àwọn ike dúró kí wọ́n má bàa bómi lọ, màá tẹ́tí sí ẹ̀rọ atẹ́gùn, màá bu omi táńkì tó gbẹ̀yìn sínú ìgò fún Àǹtí Ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tó gbé ìgò mi sókè sí oòrùn, tó ní, "Ẹ wo omi ọmọ Kétu!", inú mi dùn débi pé mo ra mínírà, mo dá a mu. Òun nìkan ni kì í pè mí ní Ègùn.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dé láti kíláàsì, tí wọ́n ń wẹ̀, omi á wọlé lọ́wọ̀ọ́wọ́ pẹ̀lú òórùn ọṣẹ, ìró táńkì á sì yí padà. Àwọn ike yẹn á máa fara ra ara wọn, ṣàràrà, ṣàràrà. Tí mo bá dúró pẹ́, ó ń di ìró agboolé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá dùbúlẹ̀ nínú yàrá, táwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri? Ẹ ń gbọ́ ohùn, ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tí mo bá sún mọ́ ọn, ó di ike àti omi. Tí mo bá kẹ́yìn sí i, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, pẹ̀lú ohùn ilé wa gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn nìkan ni kò sọ pé mo ṣì í sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pe ìyá mi. Ní ọjọ́ kan, a ń sọ̀rọ̀ àgbàdo, ó kàn já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màámi."

"Irọ́ lò ń pa. Mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wa ni."

"Ẹ̀rọ kì í wúkọ́," ni ìyá mi wí.

Mo wo táńkì. Omi ń yípo, ike ń yípo. Mi ò gbọ́ ikọ́ kankan, ṣùgbọ́n mo kúrò níbẹ̀ kíákíá, mo parí ọ̀rọ̀ náà lẹ́bàá géètì.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pè é, á bi mí: "Àwọn èèyàn rẹ ń kọ́?" Báwo lẹ ṣe lè sọ fún ìyá yín lórí fóònù pé ìgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń tọ́jú, àti pé àwọn ohun tójú ò rí ló ń jẹ ẹ́? Mo ní wọ́n wà, àlàáfíà ni wọ́n wà.

Nígbà tí yunifásítì gba ìsinmi gígùn, ọgbà náà ṣófo bí ilé tí wọ́n lé ayálégbé jáde. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ ilé ìgbẹ́. Omi tó ń wọ táńkì dín kù, ó dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Àwọn ike bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ohun tó lẹ̀ mọ́ wọn ń bó dànù, ìró wọn sì tín-ín-rín. Mo bi Àǹtí Ẹnjiníà léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n.

"Ebi ni," ló wí. "Bí ebi bá sì pa wọ́n gan-an, ara wọn ni wọ́n ń jẹ. A gbọ́dọ̀ máa fún wọn ní nǹkan títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi dé. Lọ wá ògì."

Ògì ni mo wá ń pò lójoojúmọ́, màá fi ṣúgà sí i, màá da omi rẹ̀ sí táńkì díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni Mọ́mì Mẹ́tírọ̀n ti ká mi mọ́. Òun ló ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Ṣọ́ọ̀ṣì ló bá wá sí Ọ̀tà, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà tí kò ní í gbàdúrà lé.

"Kí lò ń dà síbẹ̀ yẹn?"

"Ògì ni, Mọ́mì. Mò ń bọ́ wọn."

Ó ká ọwọ́ lé orí. "Ò ń bọ wọ́n? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Àwọn ta ni ò ń bọ? Nínú ọgbà tí a fi ààwẹ̀ gbà!"

"Bọ́, Mọ́mì! Bọ́! Bí ẹ ṣe ń bọ́ ọmọ!"

"Mo ti gbọ́ èyí tó o kọ́kọ́ sọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òróró àdúrà ti wà lórí gbogbo ọmọrí táńkì, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀. Àǹtí Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òróró tó wà lórí ọmọrí ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Joju, mo dúró síwájú dígí, mò ń sọ ọ́: bọ, bọ́, bọ, bọ́. Mo fẹ́ mọ èyí tó jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohùn ilé ti ń bọ́ lẹ́nu mi, ti Ọ̀tà ò sì tíì jókòó. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti táńkì lọ. Ẹni tí kò mọ ohùn ara rẹ̀ mọ́, ibo ni kó pè ní ilé?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi pè mí. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà pè. Ike ògì wà lọ́wọ́ mi, jẹnẹrétọ̀ ń ké, fóònù wà láàárín etí àti èjìká.

"Kí lò ń ṣe tó o ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ báyìí?"

"Mò ń bọ́ àwọn ará ilé, Màámi. Ẹ jẹ́ n parí, màá pè yín."

Mo rọra ń da ògì lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe kan. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ìyá mi rí.

"O ti rí i! O ti rí i, o ò sọ fún mi! Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Mo ní, "Màámi, rárá! Màámi!" Ó ti já. Mo pè é títí, kò gbé e.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá mi ló gbé fóònù náà. Orí mi ló sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù. Ó ní irú ọmọ wo ló máa rí sàréè bàbá ẹ̀, tí á máa dá nìkan bọ ọ́ ní ìlú onílùú, láìfi tó ẹbí létí? Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní ike ni mò ń fún lóúnjẹ, pé àwọn kan wà nínú ike náà tó ń jẹ ìdọ̀tí. Ó ní, "Ò ń fún ike ní ògì. Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti tú irun ìyá mi bíi ti opó. Gbogbo agboolé ti péjọ, wọ́n ti ki oríkì ìdílé, wọ́n ti sunkún. Ó ní ìyá mi ti kó àpótí tó máa ń jókòó lé wọlé, ó sì sùn mọ́jú láì lajú lẹ́ẹ̀kan. "Jọ̀ọ́," ló wí, "ohun yòówù tó wà níbẹ̀, má wá tú u ká."

Ọkàn mi pín sí méjì. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti gbé àpótí síta fún un padà nìyẹn, kó máa wo ọ̀nà. Bí mo bá dákẹ́, mo ti fi ẹnu ara mi pa bàbá mi, bóyá ó wà láàyè níbì kan ní Sàngó tó ń wúkọ́. Inú bí mi sí ọkùnrin náà tí mi ò mọ ojú ẹ̀: ó lọ tán, ó wá fi ikú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti sọ. Mi ò pe ilé. Mò ń po ògì, mò ń dà á, mi ò sì kí àwọn tó wà nínú omi mọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ tiwọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà dé. Omi wọlé, àwọn ike pọ́n, ìró wọn kún. Àǹtí Ẹnjiníà ní ó tó, kí n má fún wọn ní ògì mọ́, wọ́n ti ní oúnjẹ tiwọn. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ìyá mi pè.

Mi ò jẹ́ kó kí mi tán. "Màámi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ẹ dákun, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ yẹn, bọ́ ni mo wí. Bọ́, bí a ṣe ń bọ́ adìẹ. Mi ò rí bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá ó kú, mi ò mọ̀ bóyá ó wà."

Ó wá ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ ti wá gbọ́ báyìí?"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Bọ́ lo wí. Èmi tí mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ, ṣé wàá sọ̀rọ̀ kó wọ́ mi létí ni?"

Mo jókòó lórí ọmọrí táńkì.

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi," ni ìyá mi wí. "Mo ti dúró títí, ojú ìdí mi ti yọ lára àpótí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún mi, gbogbo yín ń bẹ̀rù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi létí tó fara jọ ọ́, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Má sunkún. Èmi ni mo gbà á, kì í ṣe ìwọ lo sọ ọ́."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán.

"Ṣé ibi iṣẹ́ lo wà?"

"Ibẹ̀ ni."

"Gbé fóònù sún mọ́ wọn. Mo fẹ́ bá bàbá rẹ sọ gbólóhùn kan, kí n jẹ́ kó máa lọ."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo ṣí ọmọrí táńkì. Mo na ọwọ́ sórí omi tó ń hó, mo di fóònù náà mú gírígírí. Àwọn ike ń rú jáde, wọ́n ń rì. Ẹ̀rọ ń ké, mi ò gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ, mo kàn ń gbọ́ ìró agboolé yẹn, tó pọ̀ ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ. Apá ro mí. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ táwọn yòókù dákẹ́ fún un. Ẹ̀rọ kò dúró o, mo wò ó. Ó tún gbé sókè padà. Mo gbé fóònù sétí.

"Màámi, ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́?"

"Mo ti sọ ọ́." Ohùn ẹ̀ fúyẹ́, bí ohùn ọmọge. "Ó dáhùn."

Mo ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní ebi ń pa òun. Fún un ní nǹkan jẹ, kó lè sùn."

Mo ní ó dáa, Màámi. Mo lọ po ògì.